Ẹ Wọn Àsìkò Àwa Àgbà Pẹ̀lú: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣètò Ìdíje Kẹ̀kẹ́ Nílẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣètò ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì láti Èkó títí dé Àkúrẹ́, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà, ẹ kú ìnáwó. Mo mọ ohun tójú yín ń rí kí ẹ tó rí ọlọ́pàá bẹ̀, kí ẹ tó rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀, kí ẹ tún tó bẹ onídánfó kó dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré kí kẹ̀kẹ́ lè kọjá. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ yín tí kò yìn yín, aláìmoore ni.

Ohun tí mo wá tọrọ kò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọn àsìkò àwa àgbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e jáde pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Mi ò tọrọ owó, mi ò tọrọ ife ẹ̀yẹ, mi ò sì tọrọ àga lábẹ́ àtíbàbà.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú ìdíje kan tí mo bá wọn gùn nígbà ọyẹ́ tó kọjá, a ò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú àwa tí a ti lé ní 50 ọdún. A bá àwọn ọmọdé gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, a gun ọ̀nà náà délẹ̀, kò sí ẹnì kankan nínú wa tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn, wọ́n pe ẹni kìíní títí dé ẹni kẹwàá, wọ́n ka wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá wọn. Lẹ́yìn náà ni adarí ètò ní kí “àwọn bàbá wa” bọ́ síta. Wọ́n fún wa ní àmì ẹ̀yẹ oníke lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya fọ́tò, àtẹ́wọ́ sọ. Mo rìn lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ní kó bá mi wo iye àsìkò tí mo lò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Daddy, ẹ gbìyànjú gan-an ni o.” Mo ní mo gbọ́, àsìkò mi dà? Ó ní nígbà tí àwọn ogún àkọ́kọ́ ti wọlé tán, àwọn ti pa aago.

Ọmọ náà kò rí mi fín o. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tún bá mi wá omi tútù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbàgbé pé mo wá díje. Ẹni tí a kò wọn àsìkò rẹ̀, òǹwòran ni, bó tilẹ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́. Bàbá àgbà mi ń gun Raleigh lọ sóko kòkó nígbà tó ti lé ní 60, iṣu á wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, àdá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò sì rántí ẹnì kan tó pàtẹ́wọ́ fún un rí. Kẹ̀kẹ́ ni, ó ń gùn ún, ó parí. Ìgbà wo la wá sọ kẹ̀kẹ́ di nǹkan ọmọdé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí òmíràn. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní London kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ìjókòó ni: èèyàn á jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á máa jẹ ìpápánu nídìí ọkọ̀, ikùn á sì máa ṣíwájú ẹni wọlé. Nígbà tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, Òyìnbó àgbàlagbà kan tí a jọ wà ní gáráàjì kan náà ló fà mí lọ sí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wọn ní Kent. Èrò mi ni pé wọ́n kàn ń na ara ni. Àṣé ìdíje ni wọ́n ń ṣe, àwọn tó sì le jù nínú wọn, irun wọn ti funfun.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá aago jà. Kò sí agbo, kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tí ẹ lè sá sí. Máìlì 10 ni, tàbí 25, tàbí 50, tàbí 100. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi wákàtí 12 tàbí 24 gbáko gùn ún, ẹni tó bá rìn jìnnà jù ló borí. Ìṣẹ́jú kan ló máa ń wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì nígbà ìgbéra. Ẹnì kan á di ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín mú lẹ́yìn kí ẹ lè ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ pẹ́dà, ẹlòmíràn á máa ka 5, 4, 3, 2, 1 sí yín létí, ó tán, ẹ dá wà. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀. Lẹ́tà Q ló bẹ̀rẹ̀ ti Kent. Ìbẹ̀rù ló bí kóòdù yẹn. Lópin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn ò fẹ́ kí ọlọ́pàá mọ̀ pé àwọn ń díje lójú títì, ni wọ́n bá ń gùn ún ní ìdájí, nínú aṣọ dúdú tó bò wọ́n láti ọrùn dé kókósẹ̀, kóòdù ni wọ́n sì fi ń pe ibi tí wọ́n ń lọ. Ìbẹ̀rù ti lọ tipẹ́, kóòdù kò lọ. Èmi náà rí i pé àwọn Òyìnbó kì í da nǹkan nù.

Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Veterans Time Trials Association, VTTA ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1943 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ogun Hitler ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti pé 40 ọdún lè wọ̀ ọ́. Wọ́n ní tábìlì kan tó wù mí púpọ̀. Wọ́n wo ọjọ́ orí, wọ́n wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó, wọ́n wá kọ àsìkò tí ó tọ́ kí a retí lọ́wọ́ ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gùn ún tán, wọ́n á fi àsìkò yín wé èyí tó wà nínú tábìlì. Iye tí ẹ fi yá jù ú lọ ni wọ́n ń pè ní plus. Ẹni tí plus rẹ̀ pọ̀ jù ló gbégbá orókè. Nípa bẹ́ẹ̀ bàbá ẹni 70 ọdún lè na ọmọ 45, kódà bí ọmọ náà bá ti dé, tó ti pààrọ̀ aṣọ, tó sì ti ń mu tíì kí bàbá tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo rẹ̀ ló wà lára pátákó nínú gbọ̀ngàn abúlé, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta tíì àti kéèkì: orúkọ, ọjọ́ orí, àsìkò, plus. Mo ti dúró níwájú irú pátákó bẹ́ẹ̀, òógùn ṣì ń kán ní imú mi, tí mò ń wo orúkọ bàbá kan tó fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré lù mí. Bàbá náà dàgbà jù mí lọ dáadáa. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtẹ́wọ́ kò lé mi gun òkè rí. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lé mi gùn ún.

Ti ìdíje inú agbo, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, Percy Stallard ni kí ẹ rántí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1942 ó kó àwọn agunkẹ̀kẹ́ jọ, wọ́n jọ gbéra láti Llangollen ní Wales, ó di Wolverhampton. Ẹgbẹ́ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ ní England nígbà náà kò fẹ́ irú rẹ̀ lójú títì rárá, wọ́n sì fòfin dè é. Stallard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí òun náà wá di àgbà, ó tún dá League of Veteran Racing Cyclists sílẹ̀ fún àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè, wọ́n sì pín àwọn eléré ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Olóríkunkun pátápátá ni. Bí kò bá sí irú wọn, ta ni ì bá ti gbé kẹ̀kẹ́ mi sórí ọ̀nà?

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀wò jù lọ ni ti bàbá ará Faransé kan tó ń jẹ́ Robert Marchand. Ọdún 1911 ni wọ́n bí i, ní Amiens. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ẹnì kan tó ń kọ́ àwọn eléré sọ fún un pé kò lè ríṣe nídìí kẹ̀kẹ́, pé ó kéré jù. Ó kéré lóòótọ́, mítà kan àtààbọ̀ péré ló fi lé díẹ̀. Ó lọ ṣe iṣẹ́ panápaná ní Paris, ó rìnrìn àjò dé Venezuela àti Kánádà, ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́. Ó ti lé ní 65 kó tó padà sídìí kẹ̀kẹ́ gidi. Ní 2012, nígbà tó pé 100 ọdún, ó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan nínú pápá onílé ní Aigle, orílẹ̀-èdè Switzerland, ó sì rin kìlómítà 24.25. Kò sí ẹ̀ka kankan fún ẹni 100 ọdún nígbà náà. UCI, ẹgbẹ́ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nítorí òun nìkan. Ní 2014, nígbà tó ti di ẹni 102, ó tún gbìyànjú rẹ̀, ní ilẹ̀ Faransé lọ́tẹ̀ yìí, ó sì rin kìlómítà 26.927. Nígbà tó pé 105, wọ́n tún dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, ó sì rin 22.547. Ọdún 2021 ló papò dà, ó ti di ẹni 109.

Ẹ wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti èkejì dáadáa. Ẹni 102 na ẹni 100, ẹni kan náà sì ni! Obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, ọ̀jọ̀gbọ́n Véronique Billat, ti ń yẹ ara bàbá náà wò láàárín ìgbà méjèèjì. Kìlómítà bí 5,000 ló ń gùn lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, díẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí atẹ́gùn tí ara rẹ̀ lè lò ṣe tó lọ sókè láti 31 sí 35 lórí ìwọ̀n tiwọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn ló rò pé sísọ̀kalẹ̀ nìkan ló kù fún ẹni tó ti lé ní 100. Ká ní àmì ẹ̀yẹ oníke ni wọ́n gbé lé Marchand lọ́wọ́ ní 2012, tí wọ́n ní “Bàbá, ẹ gbìyànjú,” kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láéláé pé ó tún lè yá sí i. Mítà 27 tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn ni ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún un. Wọn ò dín in kù, wọn ò fi kún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ: pé tí a bá fi àgbà sínú èsì, a ó dójú ti àgbà, nítorí yóò jìnnà sí àwọn ọmọdé. Òótọ́ ni pé yóò jìnnà. Ṣé ẹ rí ọkàn yìí, ìṣirò tí àwọn èèyàn máa ń lò ni pé kí ẹ mú 220, kí ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò. Ohun tó kù ni iye ìgbà tí ọkàn lè lù ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá le jù. Ọmọ 25 ní 195. Èmi tí mo jẹ́ 64, 156 ni tèmi. Ìṣirò gbàǹgbà ni, ó lè yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí ibi tó dojú kọ. Agbára àtilo atẹ́gùn náà ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ. Ẹni tó bá ń ṣe é gidi lè dín àdánù náà kù dé ìdajì. Kò sí ojútì nínú ìyẹn. Ojútì ni kí a fi ìwọ̀n ọmọ 25 wọn mí, tàbí kí a má wọn mí rárá.

Àwọn tí kò tíì dàgbà rò pé ọ̀nà jíjìn ló ń pa àgbà. Rárá o. Igun ni. Ẹ mú igun kan, ibi tí títì ti yà lẹ́bàá ọjà, tí kòtò wà lápá ọ̀tún, tí yanrìn sì dà sí àárín. Àwọn márùn-ún iwájú á gba ibẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kan búréèkì. Ẹni kẹwàá á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kó tó kan ẹni ọgbọ̀n, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, àwọn iwájú sì ti jìnnà. Gbogbo àwọn ẹ̀yìn á wá dìde nàró lórí pẹ́dà láti lé wọn bá. Ọmọ 22 á ṣe bẹ́ẹ̀, á tún ṣe é ní igun kejì, ní ìkẹjọ, ní ìkejìlá, á sì máa gbá ẹ̀rín. Àgbà á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, itan á kọ̀. Iṣan tó ń fún èèyàn ní eré òjijì ni ọjọ́ orí kọ́kọ́ ń jẹ. Agbára àtirìn jìnnà kì í tètè lọ. Tí agbo bá sì ti já yín sílẹ̀, ẹ̀yin àti afẹ́fẹ́ ló kù. Nínú agbo, ẹni tó wà lẹ́yìn lè fi tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́ nítorí pé ẹni iwájú ló ń la afẹ́fẹ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí àgbà tó gbọ́n fi ń rọra yọ́ lọ síwájú kí igun tó dé, kó lè wà lára àwọn márùn-ún tí kì í tẹ búréèkì. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà: ẹ wo ìgúnpá wa àti orúnkún wa, ibẹ̀ la kọ ẹ̀kọ́ igun sí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí Òyìnbó kò ní, àwa nìkan la ni ín. Nínú ìdíje tí mo sọ yẹn, agbo ti já mi sílẹ̀ lórí òkè kan, mo ń fi ara ṣe é lọ. Ọmọkùnrin kan tí táyà rẹ̀ jò ní ìsàlẹ̀ wá lé mi bá, kàkà kó sì kọjá lọ, ó dẹ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.” Mo ní o ṣeun, máa lọ. Kò lọ. “Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn mi, sà, ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa yọ yín lẹ́nu.” Ló bá ṣíwájú mi, ó ń wẹ̀yìn bóyá mo ń bọ̀, bí ó ti fà mí dé ẹ̀yìn agbo nìyẹn. Inú mi dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ọmọ tó wá láti ilé ire ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí, àsìkò tí mo bá lò lọ́jọ́ yẹn, ṣé tèmi ni tàbí ti ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ? Ó sì ṣe ara rẹ̀ léṣe nítorí mi, torí ó yẹ kó ti lọ wá ipò tirẹ̀. Èyí ni mo fi ń sọ pé kí ẹ má pò wá pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé lọ, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá kí àwa náà gbéra. Nígbà náà, bí mo bá sá sẹ́yìn táyà ẹnì kan, táyà ojúgbà mi ni, kò sì ní fún mi láyè lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbà kì í kí àgbà “ẹ kú iṣẹ́” lórí òkè. Ó ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí ni, bó bá gbọ́ pé ẹ̀mí yín ti ń yára jù, ó tẹ pẹ́dà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù wá kù. “Bí bàbá bá ṣubú ńkọ́? Bí nǹkan bá ṣe é lójú ọ̀nà ńkọ́?” Ìbéèrè tó dáa ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀. Egungun ẹni 64 kì í ṣe ti ọmọ 24. Ohun tí ọ̀pọ̀ agunkẹ̀kẹ́ kò mọ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ kì í mú egungun le, torí ìjókòó la wà, ẹsẹ̀ kò gbé ara. Ẹni tó bá ń gùn ún nìkan, tí kì í rìn, tí kì í gbé nǹkan tó wúwo, egungun rẹ̀ lè máa fúyẹ́ kó má mọ̀. Ọkàn náà ní tirẹ̀: àwọn tó ti ń ṣe eré onígbà pípẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ní irú lílù ọkàn tó ń ṣe ségesège ju bó ti yẹ lọ. Torí náà, ẹ béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ wa. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa láàárọ̀ ìdíje. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù, kó lọ jókòó, bó ti wù kó bínú tó. Èmi náà ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí. Ní Britain, ìṣirò wọn ni pé ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni àrùn jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ìtọ̀ ọkùnrin (prostate) máa ń mú nígbà ayé rẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àmì àrùn náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ fún un lẹ́jẹ̀, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí 48 ṣáájú, nítorí ìjókòó kẹ̀kẹ́ lè mú kí nọ́ńbà rẹ̀ ga lásán. Ó ti tó.

Ẹ máa fi ti èyí kún un náà: ní 2018, àwọn onímọ̀ láti King’s College London àti University of Birmingham gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn agunkẹ̀kẹ́ 125, ẹni ọdún 55 sí 79, tí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kí ọkùnrin tó lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ lè gun kìlómítà 100 láàárín wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀. Obìnrin, 60 láàárín wákàtí márùn-ún àtààbọ̀. Wọ́n rí i pé iṣan wọn àti agbára ara wọn láti bá àrùn jà kò rẹ̀yìn bí ti àwọn ojúgbà wọn tí kì í ṣeré. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, Norman Lazarus, ti lé ní 80 nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ sì ń gun kẹ̀kẹ́.

Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ní títì kì í ṣe ọjọ́ orí. Davide Rebellin ará Ítálì fi kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ títí ó fi di ẹni 51, oṣù kẹwàá 2022 ló gun ìdíje tó kẹ́yìn. Ní 30 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ nítòsí ilé rẹ̀, ọkọ̀ àjàgbé pa á. Ọmọ 20 ì bá wà níbẹ̀, bákan náà ni ì bá rí. Nítorí náà, owó tí ẹ bá fẹ́ ná láti dáàbò bo àwa àgbà, ẹ fi gba èèyàn sí oríta púpọ̀ sí i, ẹ fi dí kòtò tó wà ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ sì fi lé ọlọ́kadà tó ń gba òdì ọ̀nà bọ̀. Gbogbo wa la ó jọ jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ti àwọn obìnrin burú ju tiwa lọ, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ ṣeré níbẹ̀. Àwa, ó kéré tán, wọ́n fún wa ní àmì oníke. Ìyá kan wà nínú ìdíje yẹn tó ti bímọ mẹ́rin, tó ti lé ní 45, “ìdíje obìnrin” lásán ni wọ́n kó o pọ̀ mọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ yunifásítì. Kristin Armstrong ará Amẹ́ríkà gba góòlù Òlíńpíìkì rẹ̀ ìkẹta ní Rio ní 2016 nígbà tí ọjọ́ kan péré kù kó pé 43. Ta ló mọ ohun tí ìyá wa yìí lè ṣe? Ẹ̀yin náà kò mọ̀, torí aago ti kú kó tó dé.

Bí mo ṣe rò pé ó lè rí nìyí. Ẹ má wulẹ̀ pín wa ní ọdún márùn-ún márùn-ún bí àwọn Òyìnbó, a ò tíì pọ̀ tó. Ẹ fi 40 sí 49 ṣe ẹ̀ka kan, 50 sí 59 ṣe ẹ̀ka kan, 60 sókè ṣe ẹ̀ka kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀ka, ẹ wọn ẹnì kan náà. UCI ti ṣe é fún Marchand. Ẹ jẹ́ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní kùtù, kí oòrùn tó mú, torí àgbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ yan wákàtí tí ẹ máa ṣí títì padà, kí ẹ sọ ọ́ fún wa ṣáájú. Ẹni tí kò bá tíì dé nígbà náà, kó wọ ọkọ̀ àgbẹ̀yìn láìjiyàn. Owó ìforúkọsílẹ̀ kan náà ni kí gbogbo wa san. Ẹ fi ọjọ́ orí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ nínú èsì, kí ẹ sì fi NIN yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń gé ọjọ́ orí. Nínú tiwa yìí, ẹ máa rí ẹni tó máa bù kún un láti wọ ẹ̀ka 60. Mo mọ ẹnì kan tó máa gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, yóò sì ka lẹ́tà yìí.

Àsìkò tó dáa la wà. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Kigali gbàlejò ìdíje àgbáyé ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, gbogbo wa la jókòó síwájú ẹ̀rọ tí à ń wo bí wọ́n ṣe ń gun àwọn òkè Rwanda. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọdé tó ń bi mí léèrè ibi tí mo ti ra jíà mi ti pọ̀ sí i. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé UCI kan náà ní ìdíje àgbáyé tiwa, Gran Fondo ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n ń fi ẹ̀wù òṣùmàrè wọ ẹni tó bá borí nínú ẹ̀ka ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Pietermaritzburg ní South Áfíríkà ló gbà á lálejò ní 2012. Ti 2025, Lorne ní Ọsirélíà ni. Èèyàn kì í kàn dìde lọ, ó ní láti kọ́kọ́ wà lára ìdá kan nínú mẹ́rin tó ṣíwájú nínú ẹ̀ka rẹ̀ níbi ìdíje tí wọ́n fọwọ́ sí. Mi ò sọ pé mo lè dé ibẹ̀. Mo sọ pé mo fẹ́ mọ iye tó kù.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní èèyàn kò tó láti máa wo aago fún wa. Mo ní ìdáhùn sí ìyẹn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n gùn mọ́ ti ṣe tán láti jókòó sí ìlà ìparí pẹ̀lú aago méjì àti ìwé, títí ẹni ìkẹyìn yóò fi wọlé. Àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ìṣirò owó rí, wọn kì í ṣi nǹkan kọ. Bí mo bá ń gùn, àwọn nìkan tó. Ọkọ̀ àgbẹ̀yìn náà, mo ní bọ́ọ̀sì kékeré kan nílé ní Ìbàdàn, mo sì mọ bí a ṣe ń wa bọ́ọ̀sì. Ọmọ mi lè wà á lọ́jọ́ tí mo bá wà lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ kàn fi ẹ̀ka ọjọ́ orí sínú fọ́ọ̀mù tí ẹ máa gbé jáde fún ọyẹ́ tó ń bọ̀, kí ẹ sì sọ fún wa ní wákàtí tí ẹ fẹ́ kí a kó aago dé.

Èmi ni tiyín nínú eré kẹ̀kẹ́,

Agunkẹ̀kẹ́ kan, ẹni ọdún 64,
Ìbàdàn.